Péà ni àbí atalẹ̀? Bí a ṣe ń yan oúnjẹ ikọ́ àwọn ará Ṣáínà

Bí ikọ́ bá wọ ilé kan ní Guangzhou tàbí Beijing, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni ìyá àgbà ilé máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Ṣé ó ń jáde? Àwọ̀ wo ló ní? Ṣé ó ki, àbí ó ń ṣàn bí omi? Ìdáhùn yẹn ló máa sọ bóyá péà ni yóò lọ sórí iná tàbí atalẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń rí àwọn oúnjẹ wọ̀nyí nínú fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń fo ìbéèrè náà. Wọ́n á se péà pẹ̀lú ṣúgà fún ikọ́ yòówù, bí ikọ́ bá sì kọ̀ tí kò lọ, wọ́n á ní irọ́ ni àwọn ará Ṣáínà ń pa. Péà kò jẹ̀bi. Ikọ́ tí wọ́n gbé e fún ni kì í ṣe tirẹ̀.

Nítorí náà, méjì-méjì la ṣe to àwọn oúnjẹ yìí síbí, kí ẹ lè rí ibi tí ọ̀kan ti dára ju èkejì lọ. Ẹ fi sọ́kàn pé ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń tu ọ̀fun lára, wọ́n ń jẹ́ kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rọ̀, wọ́n sì ń jẹ́ kí èèyàn rí oorun sùn. Wọn kì í pa kòkòrò àìsàn.

Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ wò

Nínú ìṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà, oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀. Àwọn kan ń mú ara tutù, àwọn kan ń mú un móoru, àwọn kan wà láàrin. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n pín ikọ́, tí wọ́n sì ń fi oúnjẹ tútù kojú ikọ́ ooru, wọ́n ń fi oúnjẹ tó móoru kojú ikọ́ òtútù.

Ikọ́ òtútù máa ń bá ọ̀fìnkìn wọlé. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ funfun, ó ń ṣàn, imú ń ṣomi, òtútù ń mú èèyàn, ọ̀fun ń yún un. Ti ikọ́ ooru yàtọ̀: kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yẹ́lò tó ki, ọ̀fun pupa tó ń dunni, òùngbẹ, nígbà mìíràn ibà. Ikọ́ gbígbẹ kì í ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀, tàbí kó jẹ́ díẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọ̀fun tí kò fẹ́ jáde. Ìgbà ìwọ́wé ní àríwá Ṣáínà ni ó pọ̀ jù, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, ọyẹ́ sì ń mú irú rẹ̀ wá sọ́dọ̀ tiwa náà. Ìkẹrin ni ikọ́ ọlọ́rinrin: kẹ̀lẹ̀bẹ̀ funfun tó pọ̀ yanturu, pàápàá láàárọ̀ àti lẹ́yìn oúnjẹ, tí ikùn sì ń wú.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí. Dókítà òde òní kò gbà pé àwọ̀ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ nìkan lè fi hàn bóyá bakitéríà ló fa ikọ́. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ikọ́ ọ̀fìnkìn lásán lè di yẹ́lò. Ẹ fi àwọ̀ rẹ̀ yan oúnjẹ, ṣùgbọ́n ẹ má fi í ra oògùn apakòkòrò ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì.

| Oúnjẹ | Ikọ́ tó wà fún | Àkókò | Ẹni tó yẹ kó yẹra fún un |
|---|---|---|---|
| Péà àti ṣúgà òkúta | gbígbẹ, tàbí ikọ́ ooru tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ yẹ́lò | ìṣẹ́jú 45 sí 60 | ẹni tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, alátọ̀gbẹ |
| Atalẹ̀ àti àlùbọ́sà eléwé | òtútù, ọjọ́ kìíní àti ìkejì | ìṣẹ́jú 15 | ẹni tí ọ̀fun ń dùn tàbí tí ibà gíga ń ṣe |
| Ọsàn oníyọ̀ | ikọ́ tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ọ̀fìnkìn | ìṣẹ́jú 15 | ẹlẹ́jẹ̀ ríru |
| Omi aáyù | òtútù, ikọ́ òru | ìṣẹ́jú 15 | ẹni tó ní ọgbẹ́ inú |
| Chenpi (èèpo tanjaríìnì gbígbẹ) | kẹ̀lẹ̀bẹ̀ funfun tó pọ̀ | ìṣẹ́jú 20 | ẹni tí ikọ́ rẹ̀ gbẹ |
| Ráádìṣì olóyin | kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ki tí kò fẹ́ jáde | wákàtí 3, láìsí iná | ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 |
| Luohan guo (èso gbígbẹ kan) | ọ̀fun gbígbẹ, ohùn tó há | ìṣẹ́jú 20 | ẹni tí òtútù ń mú |

Péà tàbí atalẹ̀

Àwọn méjì yìí ni ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ yàtọ̀ kí ẹ tó mọ ìyókù, torí pé ohun tí ọ̀kan ń ṣe ni èkejì ń tú.

Péà là ń sọ o, èso olómi tó jọ ápù, kì í ṣe píà tí à ń fi jẹ búrẹ́dì. Xueli ni àwọn ará Ṣáínà fẹ́ràn jù fún ikọ́, yali ti agbègbè Hebei náà sì dára. Awọ wọn yẹ́lò fẹ́ẹ́rẹ́, inú wọn funfun, wọ́n sì le díẹ̀ lẹ́nu, ìyẹn ni wọ́n fi ń dúró lórí iná fún wákàtí kan láìfọ́. Bó bá jẹ́ péà ilẹ̀ Yúróòpù tó gùn lọ́rùn lẹ rí, ẹ ra èyí tí kò tíì rọ̀, kí ẹ sì sè é fún ìṣẹ́jú 25 sí 30 péré, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò di ẹ̀kọ nínú abọ́.

Ẹ mú péà kan tó tó gíráàmù 250 sí 300. Ẹ fi iyọ̀ ra ara rẹ̀, kí ẹ ṣàn án dáadáa, ẹ má bó awọ rẹ̀. Ẹ gé orí rẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2, kí ẹ fi pamọ́ torí pé òun ni ìdérí. Ẹ fi ṣíbí kékeré gbẹ́ kóró inú rẹ̀ jáde, kí ẹ ṣọ́ra kí ṣíbí má dá ìdí péà lu. Ẹ fi gíráàmù 10 ṣúgà òkúta sínú ihò náà, ìyẹn bingtang, ṣúgà tó dì bíi dígí, pẹ̀lú hóró gouqi (èso pupa kéékèèké tí wọ́n sá gbẹ) mẹ́fà tàbí méje bí ẹ bá ní in, àti ṣíbí ìjẹun omi méjì. Ẹ dé e, kí ẹ fi igi ìtayín méjì gún orí mọ́ ara. Ẹ gbé péà náà sínú abọ́ tó jìn, kí ẹ gbé abọ́ sínú ìkòkò tí omi inú rẹ̀ dé ìdajì abọ́, kí ẹ sì dé ìkòkò. Bí mọ́ínmọ́ín ni yóò ṣe jinná: ooru ló ń sè é, omi ìkòkò kò gbọdọ̀ wọnú rẹ̀. Láti ìgbà tí omi bá ti hó, ẹ ka ìṣẹ́jú 45 sí 60 lórí iná kékeré. Omi tó bá sun sínú abọ́ kò gbọdọ̀ dànù. Ẹ jẹ ara péà, kí ẹ mu omi rẹ̀ ní lílọ́wọ́ọ́wọ́, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ohun tó ń bà á jẹ́ kò ju mélòó kan lọ. Omi ìkòkò lè gbẹ kí ìṣẹ́jú 30 tó pé. Omi gbígbóná ni kí ẹ fi kún un, torí omi tútù yóò dá ooru dúró, ó sì lè mú kí abọ́ sán. Ṣúgà àṣejù tún wà níbẹ̀. Ẹni tó da ìkúnwọ́ ṣúgà sí i yóò mu omi ṣúgà tó ń lẹ̀ mọ́ ọ̀fun, ikọ́ yóò sì máa pọ̀ sí i ni. Àwọn mìíràn á gbé e sínú fíríìjì, wọ́n á mu ún ní tútù. Oúnjẹ tó ti ń mú ara tutù tẹ́lẹ̀ ni wọ́n tún fi yìnyín kún, inú ló sì máa ń kọ́kọ́ ráhùn. Péà ní irú ṣúgà kan tí wọ́n ń pè ní sorbitol, tó ń fa omi sínú ìfun. Ìdí nìyẹn tí péà fi ń tú inú ọmọdé, tó sì jẹ́ pé ọmọ tó ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ rárá.

Atalẹ̀ ló wà ní òdìkejì. Ó móoru, ó ta, ọjọ́ kìíní àti ìkejì òtútù sì ni àsìkò rẹ̀, kí ọ̀fun tó bẹ̀rẹ̀ sí í dunni. Gíráàmù 15 atalẹ̀, ìyẹn bí ẹyọ márùn-ún tẹ́ẹ́rẹ́, ìdí funfun àlùbọ́sà eléwé mẹ́ta pẹ̀lú irun gbòǹgbò rẹ̀ tí ẹ ti fọ̀ mọ́, ṣúgà pupa gíráàmù 15, àti omi mílílítà 500. Ẹ bó atalẹ̀ náà, torí àwọn ará Ṣáínà gbà pé ara atalẹ̀ móoru ṣùgbọ́n awọ rẹ̀ tutù. Atalẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ sè fún ìṣẹ́jú 10. Àlùbọ́sà yóò wọlé ní ìṣẹ́jú márùn-ún ìkẹyìn, torí pé òórùn tó ń ta sí imú yẹn gan-an là ń wá, bó bá sì pẹ́ lórí iná, afẹ́fẹ́ ni yóò gbé e lọ. Ṣúgà ló kẹ́yìn. Ẹ mu ún ní gbígbóná, kí ẹ da aṣọ bo ara, kí òógùn díẹ̀ jáde. Òógùn díẹ̀ la wí. Bí aṣọ bá tutù rinrin, ó ti pọ̀ jù, èèyàn yóò sì ṣàárẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé ikọ́ kì í dúró sí ojú kan. Ikọ́ tó jẹ́ ti òtútù ní ọjọ́ Ajé lè di ti ooru ní Ọjọ́bọ̀: kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á di yẹ́lò, ọ̀fun á pọ́n, ẹnu á gbẹ. Ọjọ́ náà ni kí ẹ gbé ìkòkò atalẹ̀ kúrò lórí iná kí ẹ wá péà lọ. Ẹni tó bá ń mu atalẹ̀ títí di ọjọ́ kẹfà torí pé ó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní yóò kàn máa ta ọ̀fun tó ti bó ni. Bákan náà, ẹni tó bá sáré gbé péà fún ọmọ tí imú rẹ̀ ń ṣomi, tí òtútù sì ń mú, yóò rí i pé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ń pọ̀ sí i. Àwọn ará Ṣáínà ní òtútù náà ti há sínú ẹ̀dọ̀fóró nìyẹn.

Ọsàn oníyọ̀ tàbí omi aáyù

Èyí ni ti ẹni tí kò ní àkókò. Ohun tó wà ní ọjà gbogbo, ní Ìbàdàn bí ní Shanghai, ni wọ́n fi ń ṣe é, kò sì gba ju ìṣẹ́jú 20 lọ. Ní December 2022, nígbà tí ìjọba Ṣáínà dẹ òfin Kòrónà lójijì, tí àìlera sì kan ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, oògùn ibà wọ́n ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, àwọn èèyàn sì ya lu ọsàn, ọsàn kíkan, péà àti píìṣì inú agolo.

Ọsàn oníyọ̀: ẹ gé orí ọsàn mímu kan ní sẹ̀ǹtímítà 1, kí ẹ fi igi ìjẹun gún ara rẹ̀ ní ihò mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá. Ẹ bu iyọ̀ gíráàmù 1 sí i, èyí tí ìka mẹ́ta lè bù lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ẹ dá orí rẹ̀ padà, kí ẹ gbé e sínú abọ́, kí ẹ fi ooru sè é fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn tí omi bá hó. Ara ọsàn lẹ máa jẹ, pẹ̀lú omi tó bá sun sílẹ̀.

Ó máa ń korò díẹ̀, àwọn tí kò mọ̀ á sì rò pé àwọn ti bà á jẹ́. Òróró inú èèpo ló wọ inú ara ọsàn, ohun tí wọ́n sì torí rẹ̀ sè é nìyẹn. Ara ọsàn tútù ní ìlànà ìṣègùn wọn, èèpo rẹ̀ móoru. Ooru iná ló pa àwọn méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá bó ọsàn kí ó tó sè é ti sọ ìdajì iṣẹ́ nù. Ṣùgbọ́n nítorí pé èèpo wọ inú rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ gidigidi. Ọsàn tó ti òkèèrè wá sábà máa ń ní ìda àti oògùn tí kì í jẹ́ kó jẹrà lára, nítorí náà ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti iyọ̀ fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú méjì.

Omi aáyù ni ti ikọ́ òtútù tó ń jí ọmọ lóru. Aáyù ẹyọ mẹ́ta, ẹ tẹ̀ ẹ́ fọ́, kí ẹ fi sínú abọ́ pẹ̀lú omi mílílítà 150 àti ṣúgà òkúta kékeré kan. Ẹ dé abọ́ náà, kí ẹ fi ooru sè é fún ìṣẹ́jú 15. Ìdérí ṣe pàtàkì, torí ooru ìkòkò yóò máa kán sínú abọ́ tí kò ní ìdérí, omi á sì dà bí èyí tí wọ́n là. Omi rẹ̀ nìkan ni ọmọ yóò mu, ìdajì ife tíì, ní lílọ́wọ́ọ́wọ́. Kò pọn dandan kó jẹ aáyù. Ó ń ya àwọn ìyá lẹ́nu pé ọmọ ń gbà á, ṣùgbọ́n ooru ti gba títa lára aáyù. Èròjà inú rẹ̀ tó ń dá títa sílẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn tí iná bá ti bà á.

Nínú méjèèjì, bí òtútù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, aáyù la máa mú. Bí ọ̀fìnkìn bá ti lọ tó ku ikọ́ tó ń há èèyàn lọ́fun lálẹ́, ọsàn ni. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kí ó fi ọsàn oníyọ̀ sílẹ̀, ní pàtàkì bí ó bá fẹ́ jẹ méjì lójúmọ́.

Chenpi tàbí ráádìṣì olóyin

Méjèèjì wà fún kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n irú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yàtọ̀. Chenpi wà fún èyí tó pọ̀ tó sì funfun, ráádìṣì wà fún èyí tó ki tó sì lẹ̀.

Èèpo tanjaríìnì tí wọ́n sá sí oòrùn tí wọ́n sì fi pamọ́ títí ó fi gbó ni chenpi. Ti Xinhui, ní ìlú Jiangmen ní Guangdong, ni olókìkí jù. Èso kan tí wọ́n ń pè ní chazhi gan ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n máa ń la èèpo náà sí apá mẹ́ta tó so pọ̀ ní ìdí, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ yẹn kó tó lo ọdún 3. Èyí tó ti lo ọdún 20 wọ́n gan-an, àwọn tó ń fi tíì ṣe fàájì àti àwọn tó ń kó o jọ ni wọ́n ń rà á. Fún ikọ́, èyí tó ti lo ọdún 3 sí 5 tó. Ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀: ẹ gbọ́dọ̀ rí àwọn àpò òróró kéékèèké tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Òórùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ ní ti èébu nínú. Bí omi bá pọ́n dúdú lójú ẹsẹ̀ tí ẹ rẹ ẹ́, tí inú èèpo náà sì dúdú dọ́gba-dọ́gba, wọ́n ti pa á láró kó lè dà bí ti àtijọ́.

Gíráàmù 5 lẹ máa lò, ìyẹn bí apá kan sí méjì nínú apá mẹ́ta èèpo èso kan. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ fi sínú omi mílílítà 500 pẹ̀lú atalẹ̀ ẹyọ mẹ́ta, kí ẹ sè é fún ìṣẹ́jú 20. Lẹ́yìn oúnjẹ ni kí ẹ mu ún, ife kan lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ má da wàrà tàbí ohun ọlọ́ràá pọ̀ mọ́ oúnjẹ lọ́jọ́ náà, torí àwọn ará Ṣáínà gbà pé ikùn ni kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ti ń wá, ẹ̀dọ̀fóró kàn ń gbà á sílé ni.

Èèpo tútù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bó lára ọsàn kò lè rọ́pò rẹ̀. Òróró rẹ̀ ṣì ń ta, ó ń jẹ inú. Bẹ́ẹ̀ ni chenpi kò wúlò fún ikọ́ gbígbẹ. Ṣe ló ń mú kí nǹkan gbẹ, yóò sì gba ìwọ̀nba omi tó kù lọ́fun.

Ráádìṣì funfun ni èyí tó gùn bí ọ̀pá, tí àwọn ará India ní London ń pè ní mooli. Ẹ gé gíráàmù 300 rẹ̀ sí ègé sẹ̀ǹtímítà 1, kí ẹ kó o sínú ìgò mímọ́ tó gbẹ, kí ẹ da oyin ṣíbí ìjẹun mẹ́ta lé e, kí ẹ dé e. Láàrin wákàtí mẹ́ta oyin yóò ti fa omi jáde lára ráádìṣì, ègé á rọ́ jọ, omi yóò sì bò ó. Ṣíbí méjì nínú omi yẹn, nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Omi gbígbóná kọ́. Nínú fíríìjì kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ méjì lọ, torí omi ráádìṣì ti la oyin, oyin tí omi ti là sì máa ń kan. Ẹni tó ń lo ginseng kì í fi ráádìṣì kún un nílẹ̀ Ṣáínà. Wọ́n ní ọ̀kan ń kó agbára jọ, èkejì ń tú u ká.

Nínú gbogbo ohun tó wà lójú ìwé yìí, oyin ni ìwádìí òde òní gbè lẹ́yìn jù. Láti ọdún 2019 ni ìlànà NICE, àjọ tó ń tọ́ àwọn dókítà sọ́nà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ní kí àwọn tó ti ju ọdún 1 lọ gbìyànjú rẹ̀ fún ikọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ kò bá rí ráádìṣì, ṣíbí oyin kan nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ti ṣe ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Luohan guo tàbí pipa gao

Guangxi ni luohan guo ti wá, pàápàá agbègbè Yongfu nítòsí Guilin. Èso róbótó aláwọ̀ ilẹ̀ ni, ó fúyẹ́ bí ohun tó ṣófo. Ẹ mì í létí kí ẹ tó rà á. Bó bá ń dún, inú rẹ̀ ti já, ó ti gbẹ ju. Ẹ fi sílẹ̀. Èyí tí wọ́n fi iná yan dúdú, ó sì ní òórùn èéfín tí àwọn kan kò lè gbà. Èyí tí wọ́n gbẹ lọ́nà òde òní jẹ́ aláwọ̀ wúrà, adùn rẹ̀ sì mọ́. Ẹ fọ́ ọ, kí ẹ mú ìdá mẹ́rin rẹ̀ pẹ̀lú èèpo àti kóró, kí ẹ sè é nínú omi mílílítà 500 fún ìṣẹ́jú 20. Ẹni tó bá ju odidi èso kan sínú ife omi kan yóò rí i pé adùn rẹ̀ di ìkorò. Adùn náà kì í ṣe ti ṣúgà. Mogroside ni orúkọ èròjà rẹ̀. Fún ìdí yìí, luohan guo la máa fún alátọ̀gbẹ tó ń wúkọ́ gbígbẹ, a ò ní fún un ní péà oníṣúgà.

Pipa gao jẹ́ oògùn olómi tó ki, inú ìgò ni wọ́n ń tà á. Ewé loquat (igi eléso kan), chuanbei (egbòogi kan tí a óò sọ̀rọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀), oyin àti mẹ́ńtọ́ọ̀lù wà lára ohun tó wà nínú rẹ̀. Nin Jiom ti Hong Kong ni olókìkí jù, ní 2018 ni àwọn ará New York sì ya lù ú lásìkò àìsàn flu. Ó yára tu ọ̀fun lára ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹ mu ún láìfi omi là á, iye tí wọ́n kọ sára ìgò, kí ẹ má sì mu omi fún ìṣẹ́jú 15, kí ó lè bo ọ̀fun. Ṣùgbọ́n adùn ló kún inú rẹ̀, alátọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láìbi dókítà. Bó bá jẹ́ Nàìjíríà lẹ ti ń rà á, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀.

Àwọn kan ń se ewé loquat fúnra wọn. Abẹ́ ewé náà ní irun wẹ́wẹ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá kúrò, kí wọ́n sì di ewé náà sínú aṣọ tó mọ́ kí ó tó wọ omi. Bí irun yẹn bá dé ọ̀fun, ikọ́ tuntun ló bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ohun àfikún tó lè ṣe èèyàn ní jàǹbá

Ọ̀pọ̀ ìlànà orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń ní kí ẹ fi nǹkan mẹ́ta yìí kún péà, wọn kì í sì í sọ ìyókù.

Kóró ápíríkọ́ọ̀tì, ìyẹn xingren, pín sí méjì. Ti gúúsù dùn, ti àríwá korò. Èyí tó korò ní amygdalin, tó ń di májèlé cyanide nínú ara. Ní 2016, àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù kìlọ̀ pé bí àgbàlagbà bá jẹ ju kóró kéékèèké mẹ́ta lọ ní tútù lẹ́ẹ̀kan, ó lè kọjá ààlà; fún ọmọdé, ẹyọ kan ti tó. Èyí tó dùn nìkan ni kí ẹ lò nínú ilé, kí ẹ sì sè é. Èyí tó korò, ọwọ́ oníṣègùn ni kó wà.

Yin'er, olú funfun tí ń yọ̀ bí ilá nígbà tó bá jinná, kò ní májèlé lára tirẹ̀. Àsìkò tí ẹ bá rẹ ẹ́ sómi ló ń dá ewu sílẹ̀. Wákàtí kan sí méjì tó. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ mọ́jú nínú ooru, bakitéríà kan lè hù níbẹ̀ tó ń pèsè májèlé bongkrekic acid. Sísè kò lè pa májèlé yìí, kò ní òórùn, kò sì ní adùn. Olú tí wọ́n rẹ fún àkókò gígùn ti pa èèyàn ní Ṣáínà. Èyí tí ẹ bá gbàgbé sómi mọ́jú, ẹ dà á nù.

Chuanbei ni ìkẹta, ìdí ewéko kan tó funfun tó sì kéré bí kóró, láti òkè Sichuan. Gíráàmù 3 tí wọ́n lọ̀ kúnná ni wọ́n ń fi sínú péà kan. Ó wọ́n púpọ̀, ìdí sì nìyẹn tí àwọn oníṣòwò kan fi ń ta irú mìíràn tó jọ ọ́ ní orúkọ rẹ̀. Àwọn oníṣègùn Ṣáínà kì í sì í dà á pọ̀ mọ́ egbòogi wutou tàbí fuzi. Lójú tiwa, péà láìsí chuanbei tó fún ikọ́ ọjọ́ mẹ́ta. Owó yẹn á wúlò jù níbòmíràn.

Ta ló ń wúkọ́?

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 kò gbọdọ̀ tọ́ oyin wò, kódà bí ẹ bá sè é, torí ooru ìkòkò kì í pa irúgbìn bakitéríà botulism tó lè wà nínú rẹ̀. Èyí kan pipa gao náà. Ọmọ ọdún 1 sí 3 lè mu omi péà tàbí omi aáyù, ìdajì ti àgbà, láìsí kóró, hóró tàbí ègé tó lè há a lọ́fun.

Aboyún lè jẹ péà àti ọsàn bó ṣe ń jẹ èso. Kí ó fi egbòogi gbogbo sílẹ̀ títí yóò fi bá agbẹ̀bí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń lo warfarin tàbí oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì kò gbọdọ̀ máa mu omi aáyù àti atalẹ̀ lójoojúmọ́ láìsọ fún dókítà.

Bí oúnjẹ kan bá bá ikọ́ mu, ọ̀fun máa ń fúyẹ́ láàrin ọjọ́ mẹ́ta, bí ikọ́ fúnra rẹ̀ ò bá tiẹ̀ tíì tán. Bí kò bá fúyẹ́, ẹ padà lọ wo kẹ̀lẹ̀bẹ̀, kí ẹ yí oúnjẹ padà. Ẹ má fi kún iye rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, bí mímí bá nira, bí ìhà ọmọ bá ń wọnú nígbà tó ń mí, bí àyà bá ń dunni tàbí ibà gíga kò lọ, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà. Ikọ́ tó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì, ní pàtàkì èyí tó ń bá rírù àti òógùn òru rìn, ẹ lọ yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò fún ikọ́ ife, ìyẹn TB. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti ìtọ́jú rẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní Nàìjíríà. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí ẹ bá wú jáde láàárọ̀, kí ẹ tó jẹ ohunkóhun, ló dára jù láti gbé lọ.